Ìró Ẹ̀jẹ̀ Nínú Orí Ìyàwó Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó gbà á mọ́ mi lẹ́nu: èmi ni ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo agbègbè Idigny nílẹ̀ Kétu tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú orí òun fúnra rẹ̀. Kì í ṣe àyà ni mo wí o. Ti àyà, ẹnikẹ́ni tó bá sáré dáadáa á gbọ́ tirẹ̀. Orí ni mo wí. Ó ń dún fúù, fúù, fúù, bí ìgbà tí àgbàlagbà obìnrin bá rọra ń fẹ́ iná ìdáná láàárọ̀.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ọdún méjì ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ tí bàbá mi fi ní kí n wálé wá di ọkọ́ mú. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, ní kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo ti di bàbá ọmọ, èmi ni mo sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ nínú gbogbo àwa tí a jọ bẹ̀rẹ̀. Faransé, ẹnu àwọn awakọ̀ ni mo ti gbọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni láti Idigny títí dé Kpankou, ebè ta ló máa ń tò gún bí okùn tí wọ́n fà? Èmi ni wọ́n máa nawọ́ sí. Ta ló lè di àpò àgbàdo ńláńlá sẹ́yìn alùpùpù, kí ó gba ojú ọ̀nà oko lásìkò òjò, kí taya má sì yọ̀ nídìí rẹ̀? Èmi náà ni. Mi ò ṣe fáàrí, bó ṣe rí ni mo ń sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, èmi kì í ṣubú.

Ìyàwó mi ló wá di ẹni tó ń ṣubú.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé yín, mo gbọ́dọ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wa. Ìyá mi ni àgbà gbogbo obìnrin inú agboolé. Láràárọ̀, àwa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, ó parí, a ti gba oko lọ. Ti àwọn ìyàwó ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á tẹrí ba, ìyá mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ṣé o sùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá tó bí ọ ńkọ́? Ikọ́ àbíkẹ́yìn yín ńkọ́? Ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ ńkọ́? Gbágùúdá tí ẹ rẹ sómi ńkọ́? Bí ó bá rántí ẹnì kan ní Adakplamè tí inú rẹ̀ ń run ún lọ́dún tó kọjá, á béèrè onítọ̀hún náà. Kì í kàn béèrè kí ẹnu lè máa lọ. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Bí wọ́n bá sọ fún un pé inú ẹni yẹn ṣì ń run ún, á jókòó pẹ̀lú ìrònú títí di ọ̀sán. Ìgbà tó bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán ló máa wí pé, "Dìde."

Ibi dídìde yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nílé wa, bí wọ́n bá ti ní kí obìnrin dìde, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa dìde. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ ti ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ di ògiri mú, kò sì gbọdọ̀ mí kanlẹ̀. Ẹni tó bá fà á, ńṣe ló ń sọ pé ìkúnlẹ̀ náà ti ń wọ òun lọ́rùn. Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo mú un wálé láti Adakplamè, bó ṣe dìde níwájú ìyá mi, bí àparò tó ta láti inú koríko ni. Ìyá mi wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ojú rẹ ríran." Èmi náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló dìde bẹ́ẹ̀ tó ṣubú lu àmù omi ìyá mi. Àmù fọ́, omi kún gbogbo ẹnu ọ̀nà. A ní bóyá kò sùn dáadáa ni. Nígbà tó yá ó tún ṣubú, lórí ìyàwó àbúrò mi tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún ṣubú lójú àlejò. Lọ́jọ́ yẹn ni ìyá mi sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, èyí tó burú ju kó pariwo lọ.

"Ìyàwó mi, bí ìkúnlẹ̀ bá ti sú ọ, sọ fún mi. Má máa fi ara rẹ lulẹ̀ níwájú mi kí ará ìta lè máa rò pé mò ń jẹ ọ́ níyà."

Nígbà tí a wọ yàrá ni ìyàwó mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ìyá rò pé mò ń díbọ́n ni."

"Kò rò bẹ́ẹ̀."

"Ó rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ń rò ó díẹ̀."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ wo ojú yín."

Ojú mi kì í bo nǹkan, àléébù kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni pé kì í ṣubú níbòmíràn. Kì í ṣubú nídìí kànga, pẹ̀lú garawa lórí. Kì í ṣubú lóko, níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ tó ń nàró láti àárọ̀ títí ọ̀sán. Àfi níwájú ìyá mi. Òun náà mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn, ohun tó sì ń bà á lọ́kàn jẹ́ ni pé òun kò rí ohun tí òun lè fi gbèjà ara òun.

Ó ní, "Wọ́n ní àwọn dókítà kan gbé ẹ̀rọ wá sí ilé ìwòsàn ìlú, tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú orí. Ẹ jẹ́ ká lọ. Bí wọ́n bá rí nǹkan, ó dáa. Bí wọn ò bá rí nǹkan, màá lọ jókòó lọ́dọ̀ ìyá mi ní Adakplamè."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí tí orí mi á fi dúró. Mi ò lè máa jí láràárọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń pè mí ní òpùrọ́ láì la ẹnu."

Mo ti fi ẹ̀yìn ọkọ́ pa paramọ́lẹ̀ rí, àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì wà láyé. Ẹ̀rù kì í bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin yẹn ń sọ̀rọ̀, tó sì ń ká aṣọ bó ti ń sọ ọ́, bí ẹni pé aṣọ lásán ló ń ká, mo sáré jáde lọ wo taya alùpùpù tí kò jò.

Mo sọ fún ìyá mi pé a fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní òun náà ń bọ̀.

"Ìyá, ọ̀nà jìn."

"Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi rìn ín? Ẹ máa lọ. Mo máa gun zẹ̀mí bá yín." Zẹ̀mí ni a ń pe alùpùpù tó ń gbé èrò. Alùpùpù tèmi, kò gùn ún rí. Ó ní mo máa ń sá eré ẹni tí kò níyàá.

A kúrò nílé kí ìyá mi tó ṣílẹ̀kùn, kí oòrùn má baà pa wá lójú ọ̀nà. Ìyàwó mi ti gbé oògùn rẹ̀ mì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ń pè ní tánsíọ̀n, tí wọ́n ti fún un láti nǹkan bí ọdún kan, tó máa ń lò ní kété tó bá ti jí. Kò jẹun. Kò sì tíì kí ìyá mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Dókítà tó gbà wá, obìnrin ni, ọmọ Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà, kò dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Bó ṣe gbọ́ bí mo ṣe kí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ohùn Kétu yìí dùn lẹ́nu yín." Mo ní tirẹ̀ náà kò burú, ó kàn dà bí ti ẹni tó ń tajà ni. Láti ibẹ̀ ni a ti di ọ̀rẹ́.

Ẹ̀rọ rẹ̀ ní ohun kan bí ọ̀já tí wọ́n ń dè mọ́ orí, ojú kékeré méjì wà lára rẹ̀, ọ̀kan á bọ́ sí ẹ̀bátí ọ̀tún, èkejì sí òsì. Ó máa kọ́kọ́ fi nǹkan yíyọ̀ kan pa ibẹ̀, bí omi ilá. Òmíràn wà tó máa dè mọ́ ìka, ìyẹn ló ń wo agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń rìn nínú ara. Ó ṣàlàyé fún wa dáadáa. Ó ní nígbà tí èèyàn bá dìde, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sẹ́sẹ̀, orí kò sì lè fara da àìní ẹ̀jẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Nítorí náà ọpọlọ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ bá dínkù, á la àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kí wọ́n fẹ̀. Bí ó bá ń rọ́ wá jù, á fún wọn pọ̀. Bó ṣe ń yára ṣe é ni wọ́n fẹ́ wọ̀n.

Mo ní, "Bí ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ omi tó ń yí i."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, bàbá."

Mo wo ìyàwó mi bóyá ó gbọ́. Ó gbọ́.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tèmi.

"Èwo nínú wa ló ń ṣàìsàn?" ìyàwó mi ní.

"Kí o lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni."

"Ẹ fẹ́ kí dókítà rí i pé ẹ lágbára ni."

"Méjèèjì ni."

Wọ́n de ọ̀já náà mọ́ mi lórí. Dókítà wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá, ó ń tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, lójijì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, fúù, fúù, ìlà kan sì ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi nǹkan yìí ti ń ṣiṣẹ́ fún mi, mi ò kí i kú iṣẹ́ rí.

Ó ní kí n lóṣòó, kí n dìde, kí n tún lóṣòó, kí n tún dìde. Mo ṣe é bí ọmọ ọdún ogún.

"Bàbá, ẹ rọra. Kì í ṣe ìdíje."

Bí mo bá dìde, ìlà náà á bọ́ sílẹ̀ díẹ̀, kíá á ti padà sáyè rẹ̀. Dókítà ní tèmi dáa púpọ̀. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìyàwó mi fi etí aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo tún bi dókítà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó wá kan òun. Ìró tirẹ̀ kò le bí tèmi, ó rọ̀, ó ṣe jẹ́jẹ́, ẹ̀yin ẹ máa sùn lọ bí ẹ bá ń gbọ́ ọ. Mo ń ronú pé ẹ̀gbẹ́ orí yìí ni mò ń sùn láti ìgbà yìí wá, mi ò mọ̀ pé ohun tó ń ṣe nínú rẹ̀ nìyí, tòru tọ̀sán, láì sinmi. Ó lóṣòó, ó dìde. Ìlà bọ́ sílẹ̀ díẹ̀, ó padà. Ó tún ṣe é. Ó tún padà. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín tirẹ̀ àti tèmi tó dáa púpọ̀.

Dókítà ní, "Màmá, ọpọlọ yín ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò rí àléébù kankan."

Nílé àwọn ẹlòmíràn, orin ni wọn ì bá fi gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyàwó mi wo ọwọ́ rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan?"

"Kò sí èyí tí mo rí."

"Ẹ ṣeun."

Bó ṣe sọ "ẹ ṣeun" yẹn, mo fojú inú rí àwọn aṣọ tó ti ká nílé.

Mo ní, "Dókítà, ẹ tún un wò. Ẹ̀rọ máa ń ṣi nǹkan wò nígbà mìíràn."

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí náà ló wo tiyín tó dáa púpọ̀."

Mo wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè.

Dókítà ní kí ìyàwó mi jókòó sinmi díẹ̀ kí òun tó tú ọ̀já náà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá mi ni. Eruku pupa ti bo gèlè rẹ̀, ojú rẹ̀ le, ó ní, "Ibi tí ẹ sá pamọ́ sí nìyí."

Ìyàwó mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ̀lú ọ̀já lórí, pẹ̀lú okùn ẹ̀rọ lọ́rùn, ó yọ̀ kúrò lórí ìjókòó, ó kúnlẹ̀, ó tẹrí ba.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, okùn," dókítà ní.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó kí i. Kò tíì kí i láti àárọ̀."

Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni dókítà yẹn. Kò bá mi jiyàn. Ó gbé okùn náà sókè lọ́wọ́ kó má baà fà, ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó di ìrù aṣọ ìgbéyàwó mú.

"Ẹ kú ìrìn o, ìyá. Ẹ kú eruku ọ̀nà."

"Òo. Ṣé àlàáfíà ni ẹ dé? Ta lẹ fi àwọn ọmọ tì?"

"Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni, ìyá."

"Ṣé wọ́n ti jẹun? Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?"

"Mo máa jẹ tí a bá délé, ìyá."

"Ewúrẹ́ ńkọ́? Mo gbọ́ tó ń ké kí n tó jáde." Ìyá mi gbé orí sókè. "Kí ló ń dún yẹn?"

"Ẹ̀jẹ̀ inú orí ìyàwó yín ni, Màmá," dókítà dáhùn.

Ìyá mi wo ẹ̀rọ náà. Ó wo orí tó tẹ̀ ba níwájú rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ ohùn sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ máa gbọ́ ọ ni. Ó béèrè ìyá rẹ̀ ní Adakplamè. Ó béèrè àgbàdo tí a sá. Mi ò rò pé ó ti kí ẹnikẹ́ni pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Fúù, fúù, fúù. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dìde."

Ìyàwó mi dìde bí àparò.

Ìró náà di tín-ín-rín lójú ẹsẹ̀. Ó di fù, ó di ohun tí a ń fetí wá. Ìlà ojú ẹ̀rọ wó lulẹ̀ bí ògiri tí òjò lù, ó sì sùn síbẹ̀. Ojú ìyàwó mi yí. Èmi ni mo gbá a mú kó tó kan ilẹ̀, apá tó ń gbé àpò àgbàdo ni mo fi gbá a mú, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í padà, fù, fù, fúù.

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ó dákẹ́," ó ní. "Mo gbọ́ ọ. Ó dákẹ́."

Dókítà ti fa àga súnmọ́ wa, ó ń béèrè. Ìgbà wo ló máa ń lo oògùn? Ṣé ó máa ń mu omi kó tó lọ kí ìyá? Báwo ni ìkúnlẹ̀ náà ṣe máa ń pẹ́ tó? Ṣé bó ṣe máa ń dìde nìyẹn? Èmi ni mo ń dáhùn. Ó wá ní kì í ṣe pé ọpọlọ rẹ̀ ya ọ̀lẹ. Oògùn náà ń fa agbára ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí oúnjẹ tàbí omi nínú ara láàárọ̀. Bí ó bá wá pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, tó sì dìde wìì, ẹ̀jẹ̀ á já bọ́ kọjá ibi tí ọpọlọ lè tètè gbà á mú. Ó ní lílóṣòó tí òun ní kó ṣe kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òun kò mọ̀ pé irú ìkíni báyìí wà. Ó yí oògùn náà padà, ó sì dín in kù. Ó ní kó máa mu omi dáadáa bó bá ti jí, kó má kúnlẹ̀ pẹ́, kó sì máa jókòó díẹ̀ kó tó nàró.

Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n má béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ni?"

Ìyàwó mi ló dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé.

"Ẹ máa béèrè, ìyá. Bí ẹ ò bá béèrè, ilẹ̀ kì í mọ́ fún mi."

Ìyá mi jókòó tì í. Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó fi nu nǹkan yíyọ̀ yẹn kúrò ní ẹ̀bátí ìyàwó mi, lọ́tùn-ún àti lósì. Dókítà ní ìnujú wà. Gèlè náà ló fi nù ún tán.

Nígbà tí a fẹ́ padà, ìyá mi ní òun kò gun zẹ̀mí mọ́. Ó gun alùpùpù mi tí kò gùn rí. Ìyàwó mi wà láàárín, ìyá mi wà lẹ́yìn, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra títí a fi délé. Mo rọra wà á. Bí mo bá fẹ́ yára díẹ̀, ìyá mi á ní, "Ìwọ, orí ọmọ mi wà níbẹ̀."

Bí a ṣe dé ló ní kí n kan àpótí ìjókòó kan fún òun. Pákó ìrókò tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn ni mo fi kàn án. Mi ò kọ́ṣẹ́ káfíńtà, síbẹ̀ ẹ lọ wò ó, ẹ gbé omi lé e lórí, kò ní dà. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá mi ló wà. Àwọn aṣọ tí ìyàwó mi ká ti padà sórí okùn.

Báyìí, láàárọ̀, mo máa ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó gba oko lọ. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń wo taya. Ìyàwó mi á ti mu omi rẹ̀, á lọ kúnlẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ní òun kò ní ṣàì kúnlẹ̀. Kò ní pẹ́ rárá tí ìyá mi á ní, "Jókòó." Á bọ́ sórí àpótí, orí àpótí ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ìyàwó yòókù ti ń sọ pé orúnkún ń dun àwọn náà, gbogbo wọn ń fẹ́ àpótí. Bí ìyá mi bá ti béèrè ọmọ, ewúrẹ́ àti gbágùúdá tán, á tẹ etí mọ́ ẹ̀bátí ìyàwó mi, bí ẹni pé èèyàn lè gbọ́ ọ láìsí ẹ̀rọ.

"Ṣé ó ń dún?"

"Ó ń dún, ìyá."

"Wàá dìde, ṣùgbọ́n kò tíì yá." Á gbé ọwọ́ lé e léjìká, á sì tún ronú ẹlòmíràn tí òun lè béèrè.